Bí Mo Ṣe Fi Adìẹ Ìyàwó Mi Gbàlejò Àwọn Olórin Ẹ̀rọ

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí mo ti sapá títí kí n lè gbàgbé ẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò kúrò lọ́kàn mi. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń dán sípíkà wò níbi ìkómọ, ì báà jẹ́ ní òpópónà kẹta sí tiwa, àyà mi á kọ́kọ́ já ná, kí n tó wá rántí pé kò sí ohun tó kù tí wọ́n lè bà jẹ́ fún mi mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Mo mọ̀ pé ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in, mi ò ní bínú. Àwọn tó ti fi mí rẹ́rìn-ín ṣáájú yín pọ̀ ju èrò ọjà lọ.

Ilé wa wà ní Ilo-Awela, lágbègbè Sáńgò, ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan tó ti kógbá sílé. Èmi náà ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa, mo di akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò, nítorí pé mo lè kọ lẹ́tà, mi ò sì ní ibì kankan tí mò ń lọ láàárọ̀. Iná tí kò sí, gọ́tà tó dí, ọ̀nà tó ti di ihò, èmi ni mò ń kọ̀wé nípa gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó fèsì rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o," orí mi á sì wú. Mo fẹ́ràn ìkíni yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó mi, Ìyá Múkáílà, ni ẹni tó ń ṣe nǹkan gidi nínú ilé wa. Ó ti ń to ọṣẹ sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan ní Sáńgò fún ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, gbogbo ohun tí wọ́n kó lé e lọ́wọ́ ló fi ra igba ọmọ adìẹ tí kò ju ọjọ́ kan lọ, léyà, àwọn adìẹ tí wọ́n ń sìn nítorí ẹyin. Ó kó wọn sínú ilé onípáànù tó wà láàárín ilé wa àti ògiri ilé iṣẹ́ yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, inú ibẹ̀ ló ń sùn, pẹ̀lú ìkòkò èédú méjì, kí òtútù má bàa mú wọn. Mo ń nìkan sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí n má parọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jowú adìẹ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí fi máa ṣẹlẹ̀, àwọn adìẹ náà ti dàgbà, ogbe orí wọn ti ń pọ́n. Bí ènìyàn bá gbọ́wọ́ lé wọn lẹ́yìn, wọ́n á lóṣòó. Ẹni tó mọ adìẹ mọ̀ pé ẹyin ti sún mọ́ ilé nìyẹn. Ìyá Múkáílà ní kò ju oṣù kan lọ mọ́. Ó ti bá oníbúrẹ́dì méjì sọ̀rọ̀, ó ti to páálí ẹyin sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa dé ìbàdí, kò sì sí ẹyin kan nínú ẹ̀. Láti ìgbà tó ti bí Múkáílà, mi ò tíì rí ìdùnnú bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀.

Ohun kan wà tí gbogbo ẹni tó ń sin adìẹ lágbègbè wa máa ń ṣe. Adìẹ léyà lójo gan-an. Bí abọ́ bá jábọ́ lójijì, wọ́n lè ya lu ara wọn kí wọ́n sì tẹ ara wọn pa. Nítorí náà, láti kékeré la ti máa ń gbé rédíò kọ́ wọn sílé, kí etí wọn lè mọ ariwo. Tiwa wà lórí ìṣó, okùn ni mo fi so ó. Ìròyìn, wáàsí, bọ́ọ̀lù, ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, wọn ò fo ọ̀kan. Ẹ̀rọ amúnáwá lè bú gbàmù ní ìkòríta, adìẹ wa ò ní gbórí sókè. Mo máa ń sọ fún àwọn àlejò pé adìẹ ilé wa mọ ọ̀rọ̀ ìjọba ju káńsẹ́lọ̀ wa lọ.

Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tómi wá láti Èkó, pẹ̀lú ọkùnrin méjì tó gbé okùn ìwọ̀n dání. Wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún orin nínú ọgbà ilé iṣẹ́ tó ti kú yẹn. Wọ́n ní irú ibi àtijọ́ bẹ́ẹ̀, tí irin ti dípẹtà, ni àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ báyìí. Wọ́n júwe akọ̀wé fún un, ó sì wá kúnlẹ̀ kí mi.

"Daddy, electronic music ni," ó ní. "Kò sí ẹgbẹ́ olórin kankan. Ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo ẹ̀."

"Ta ni á wá máa kọrin?"

"Díjéè ni sà. Òun ló máa po ó pọ̀."

"Po kí ni pọ̀?"

"Sound ni sà."

Mo mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé. Kò yé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ló ń bọ̀ láti Èkó àti òkè òkun, pé àwọn ará àdúgbò á tajà títí, pé wọ́n á di àwọn ihò ojú ọ̀nà wa, pé tó bá dára, ọdọọdún ni wọ́n á máa wá, mo ṣí ìwé ìpàdé mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn gbogbo lẹ́tà tí mo ti ń kọ, ẹnì kan wá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá bá mi. Ẹ ò rí i pé mo ní láti ya wèrè díẹ̀.

Àdúgbò náà sì ya wèrè pẹ̀lú mi. Wọ́n kun géètì. Ọkùnrin kan lé àwọn ọmọ ẹ̀ lọ sí pálọ̀, ó kọ "Gẹ́sìhaùsì" sára yàrá wọn. Ìyá Ìlaròó, tó ń ta ìrẹsì ní ìkòríta wa, ra ìkòkò tuntun mẹ́ta tí ènìyàn lè wẹ̀ nínú wọn. Làmídì, jóńdà tó ń jó irin mọ́ra, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń gbé ní iwájú ilé wa, gba iṣẹ́ irin lọ́wọ́ wọn, ó ń kọrin lójoojúmọ́. Bí mo bá ti yọ, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ní ìpàdé tó kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa kọjú àwọn sípíkà ńlá sí dá wa dúró. Tí wọ́n bá kọjú ẹ̀ sí ìlà oòrùn, mọ́ṣáláṣí nìyẹn, lèmọ́mù ní àwọn ò gbà. Tí wọ́n bá yí i sí apá kejì, ilé ìwòsàn àwọn aláboyún ló wà níbẹ̀. Tómi ń wojú mi. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé:

"Ẹ kọjú ẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi."

Làmídì yíjú padà. "Akọ̀wé, adìẹ ìyàwó yín ńkọ́?"

"Adìẹ tó ń gbọ́ rédíò láti kékeré ni wọ́n," mo ní. "Orin ò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

Wọ́n hó yèè, wọ́n ní irú akọ̀wé báyìí ló dáa. Orí mi wú débi pé mo tún fi àbá kan kún un. Mo ní kí àwọn àlejò má bàa fo ògiri wá jí adìẹ gbé, kí wọ́n fi páànù gbé ògiri náà ga sí i, kí wọ́n sì ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún sórí ẹ̀. Làmídì ló ṣe é. Ó ṣe é dáadáa. Ọlọ́run ń gbọ́ mi, mi ò tíì rí iṣẹ́ Làmídì tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Múkáílà ò pàtẹ́wọ́ ní tiẹ̀. "Bàbá Múkáílà," ó ní, "ariwo yẹn ò ní pọ̀ jù? Mo rí àwọn sípíkà yẹn nínú ọkọ̀. Wọ́n ga ju ilé wa lọ."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé màá kọ́ àwọn adìẹ náà. Lóòótọ́ ni mo sì kọ́ wọn. Lójoojúmọ́ ni mò ń yí ohùn rédíò sókè díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní wọ́n na ọrùn, wọ́n wò mí. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ń jẹun lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ará ilé kejì ti wá bẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì, àwọn adìẹ ò tiẹ̀ bìkítà. Mo wá ń rìn bí olùkọ́ tí gbogbo ọmọ kíláàsì ẹ̀ yege.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, wọ́n pe Ìyá Múkáílà láti Adó-Odò pé ìyá ẹ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀. Kò sí bí kò ṣe ní lọ. Ó ti gbé báàgì ẹ̀ kọ́ èjìká, ó wá padà síbi ilé adìẹ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀.

"Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ síbi orin yín o," ó ní. "Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀ yín fún. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wá dúró tì wọ́n. Tí wọ́n bá ń rí ẹni tí wọ́n mọ̀, àyà wọn ò ní já. Ẹ ṣáà dúró tì wọ́n, Bàbá Múkáílà."

Mo fi bàbá mi tó wà ní sàréè búra pé mi ò ní kúrò níbẹ̀.

Ọ̀sán ni àjọ̀dún náà. Kí n sọ òótọ́, mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Láti agogo méjìlá ni mo ti gbé àpótí wọ ilé adìẹ, mo jókòó sáàárín wọn, nínú léèsì mi tó dáa jù. Wọ́n ń dán ẹ̀rọ wò lódìkejì ògiri, ó ń dún kí kí kí bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Àwọn adìẹ ń ṣa èérún pákó jẹ lẹ́sẹ̀ mi. Ọ̀kan tiẹ̀ gun orí bàtà mi, ó tòògbé. Fóònù mi wá dún.

"Daddy, ìjókòó yín ti wà níwájú o! Ẹ wá bá wa ṣí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

Mo wo àwọn adìẹ, mo wo léèsì ọrùn mi. Mo dìde, mo yí rédíò sókè débi tó lè dé, mo ní kó bá mi mójú tó wọn. Bí mo ṣe fi rédíò rọ́pò ara mi nìyẹn. Tí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ máa bú mi sí, ibẹ̀ ni.

Wọ́n so nǹkan olómi wúrà mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀rí pé èèyàn ńlá ni mí. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ ojú ìwé mẹ́rin. Bí mo ṣe ní "Ní orúkọ gbogbo ará àdúgbò," ẹnì kan rọra gba máìkì lọ́wọ́ mi, ó ní àwọn dúpẹ́. Wọ́n fi mí jókòó sórí àga tìmùtìmù, láàárín pẹpẹ orin àti ògiri tí Làmídì gbé ga. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí i pé bọ́ọ̀sì ńláńlá ló kó àwọn àlejò wá, pẹ̀lú oúnjẹ wọn, pẹ̀lú omi wọn, tààrà sínú ọgbà. Wọn ò fẹsẹ̀ kan ìgboro. Wọn ò sì jẹ́ kí oúnjẹ kankan wọlé láti ìta. Ìyá Ìlaròó dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú kúlà ìrẹsì lórí, ẹ̀ṣọ́ kan na ọwọ́ dí i. Ó rí mi. Ó gbọ́wọ́ sókè sí mi. Mo ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan lápò.

Orin wá bẹ̀rẹ̀.

Mo ti rò pé láti òkè ni á ti wá, bíi ti gbogbo orin. Inú ilẹ̀ ló ti wá. Ó gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi wọlé, ó gun orúnkún, ó dé ikùn, eyín mi ń lu ara wọn. Fìlà mi rìn kúrò láàárín orí, ó bọ́ sí etí kan. Omi inú ike tí wọ́n gbé síwájú mi ń fò sókè. Mo gbọ́wọ́ lé àyà, mo rí i pé ọkàn mi ti fi ìlù tiẹ̀ sílẹ̀, ó ti ń tẹ̀lé tiwọn. Àwọn ọ̀dọ́ hó gèè. Mo yíjú wẹ̀yìn, mo wo òkè ògiri, mo rí òrùlé ilé adìẹ wa. Páànù ẹ̀ ń gbọ̀n. Eruku ń yọ lára ẹ̀ bí èéfín.

Ojú mi wá là. Etí ni rédíò ń kọ́. Nǹkan yìí ò bá etí sọ̀rọ̀ rárá, ẹsẹ̀ ló ń gbà wọlé, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ẹsẹ̀ adìẹ.

Mo sáré síbi ògiri. Ilé mi ò ju ìṣísẹ̀ ogún lọ lódìkejì. Mo fò mọ́ páànù, páànù ò ní ibi dídìmú. Mo gun àga, mo nawọ́ mú òkè ẹ̀, wáyà ẹlẹ́gùn-ún fa apá léèsì mi ya dé abíyá. Mo pariwo, mi ò gbọ́ ohùn ara mi. Mo sáré lọ bá ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n kó àwa èèyàn ńlá sí. Mo na ìka sí géètì tó wà ní òdìkejì ọgbà, lẹ́yìn gbogbo ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò yẹn.

"Oga, VIP no dey pass that side," ó pariwo sí mi létí. "Siddon enjoy."

Mo bọ́ sáàárín èrò, wọ́n tì mí padà bí ẹni tí omi ń gbé sétí odò. Ọ̀nà kan ló kù, pẹpẹ orin. Mo ní màá lọ bẹ díjéè fúnra mi. Mo gun àtẹ̀gùn, kò sẹ́ni tó dá mi dúró, nítorí pé nǹkan wúrà wà lọ́wọ́ mi.

Ọmọkùnrin kan ló wà lẹ́yìn àwọn ẹ̀rọ, ó fi ẹ̀rọ di etí ẹ̀ méjèèjì, ó di ojú. Mo dúró níwájú ẹ̀, mo pariwo, "Adìẹ! Adìẹ ìyàwó mi!" Kò gbọ́. Mo fọwọ́ kan tábìlì, ó lajú. Mo nawọ́ sí ilé wa. Kò yé e. Kí n tún ṣe kó lè yé e? Mo ká apá méjèèjì, mo ń fi wọ́n gbọ̀n bí ìyẹ́ adìẹ, pẹ̀lú apá léèsì mi tó ya tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ojú ọmọ náà tàn. Ó na ìka sí mi, ó fi mí han èrò.

Àfi bí ìgbà tí wọ́n tú omi dà. Wọ́n hó débi pé mo gbọ́ ọ borí orin. Mo yíjú sí wọn, mo ń ju ọwọ́ pé rárá, rárá, adìẹ ni. Gbogbo wọn ká apá, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, mo ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ pé kí wọ́n dín in kù. Gbogbo wọn ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀. Nígbà tí ọ̀ràn náà kọjá ẹ̀mí mi, èmi, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọ tí mo lè bí, àwọn tó ráyè nínú èrò náà dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú mi.

Orin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ó rẹlẹ̀, ó rẹlẹ̀, ó ku ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan bíi ti yànmùyánmú. Mo dìde, mo gbọ́wọ́ sókè, mo ní "Alhamdulilahi, ó gbọ́ mi." Omijé dà lójú mi. Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe orin náà. Wọ́n á kọ́kọ́ fà á wálẹ̀ kí wọ́n tó jù ú lulẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó dé ní ìlọ́po mẹ́wàá, mo sì fìdí jókòó sórí pẹpẹ láìrò tẹ́lẹ̀.

Tómi ló fà mí sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rín ti pa á, fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Daddy, ẹ pa wọ́n! Ẹ ti pa wọ́n!"

"Mo mọ̀," mo ní. Mo wá ṣàlàyé fún un. Ẹ̀rín náà kú lójú ẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó gba ẹ̀yìn pẹpẹ mú mi jáde sójú títì. Mo sáré yí gbogbo ògiri ilé iṣẹ́ yẹn po, bàtà mi kan bọ́, mi ò dúró mú un. Làmídì rí mi, kò béèrè nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sáré.

Rédíò ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn. Àwọn adìẹ ti kó ara wọn jọ sí igun kan ṣoṣo, wọ́n gun ara wọn dé àyà mi. Èyí tó wà lókè ń jà láti wọ ìsàlẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tú wọn. Àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ ṣì gbóná, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹlẹbẹ. Mo kà wọ́n dé àádọ́ta, mo dá a dúró, nítorí pé òkìtì náà ò dínkù.

"Akọ̀wé, ẹ má sunkún báyìí," Làmídì ní. Ó ti mú ọ̀bẹ dé. "Àwọn tó ti fara pa tó ṣì ń mí, ká tètè dú wọn, kí wọ́n má di òkúǹbete tí kò ṣe é jẹ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Ìyá Ìlaròó, tí ìrẹsì ẹ̀ ṣì wà nínú kúlà, wá bá wa ṣe wọ́n. Kò bú mi. Ó la inú ọ̀kan, ó pè mí. Ẹyin wà nínú ẹ̀, kéékèèké, pupa pupa, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láti orí èyí tó tó orí abẹ́rẹ́ títí dé èyí tó ti tó ẹyin gidi. Èyí tó ṣáájú ti ní èèpo. Bóyá ọjọ́ kejì ni ì bá yé e.

Fóònù mi dún lórí ìyẹn. Ìyá Múkáílà ni.

"Bàbá Múkáílà, níbo lẹ wà?"

"Mo wà lọ́dọ̀ àwọn adìẹ," mo ní. Òótọ́ sì ni, lásìkò yẹn.

"Mo ti rí yín. Ọmọ àbúrò mi fi hàn mí lórí fóònù. Ẹ ń jó."

"Mi ò jó. Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ wọ́n. Adìẹ ni mò ń sọ."

"Nígbà tí ẹ wà lókè yẹn," ó ní, "ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?"

Mo wo rédíò lórí ìṣó, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló pa fóònù.

Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tó ojú ìwé mẹ́rin, kò fún mi láyè kankan. Kò pariwo. Ó pààrọ̀ aṣọ, ó wọ inú ilé adìẹ, ó pa rédíò, ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn tó kù. Mo gbé omi lọ fún un. Ó ní, "Ẹ ṣé sà." Ọdún mẹ́rìnlélógún tí a ti fẹ́ra, kò pè mí ní sà rí. Mo jáde, mo lọ gbẹ́ ihò fún àwọn òkú adìẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo sunkún síbẹ̀ débi tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ti àdúgbò náà ò sàn ju tèmi lọ. Àwọn ọkọ̀ tó kó irin wọn lọ sọ àwọn ihò wa di kòtò. Ike ìmumi wọn dí gọ́tà, òjò àkọ́rọ̀ gbé e wọ pálọ̀ wa. Ìrẹsì Ìyá Ìlaròó kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni kankan ò sùn ní "Gẹ́sìhaùsì". Tómi fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan pé àwọn ń gbé ọ̀rọ̀ mi yẹ̀ wò, lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́. Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ lẹ́tà mi ṣe máa ń rí. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ ní kí n lọ sinmi, wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe akọ̀wé. Àwọn tó máa ń kí mi ní "ẹ kú iṣẹ́ ìlú", apá ni wọ́n ń ká sí mi báyìí, títí kan àwọn ọlọ́kadà Sáńgò. Ìjó adìẹ ni wọ́n pè é. Mo gbọ́ pé wọ́n ń jó o ní Èkó.

Àwọn adìẹ tó kù ò yé ẹyin kankan fún oṣù méjì. Bí ilẹ̀kùn bá dún, wọ́n á ya lọ sí igun yẹn. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan dúró níwájú ilé, Ìyá Múkáílà kó gbogbo wọn sínú àkámọ́, ó kó wọn lọ sí ilé ìyá ẹ̀ ní Adó-Odò. Kò fi ọ̀rọ̀ lọ̀ mí, kò sì bá mi jà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Bó bá lọ wò wọ́n, ó máa ń gbé ẹyin bọ̀, á fún Làmídì, á fún Ìyá Ìlaròó. Lọ́jọ́ tí mo ṣọkàn gírí, mo ní, "Tèmi ńkọ́, Ìyá Múkáílà?"

"Wọ́n ń tà á ní Ìyànà Ìyẹsí," ó ní, ó sì ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Mo dúró kí òun náà rín in. Kò rín in.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí ẹnì kan bá bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣáà dúró ti nǹkan òun, ìdúró yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Kì í ṣe ọgbọ́n yín ló ń bẹ̀, kì í ṣe ipò yín láàárín ìlú. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n bẹ̀ mí kúrò níbẹ̀, mi ò sì tíì rọ́nà padà débẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra ẹyin ní Ìyànà Ìyẹsí. Obìnrin tó ń tà á tẹjú mọ́ mi dáadáa, ó ní, "Bàbá, ojú yín jọ ojú tí mo mọ̀. Ṣé ìyàwó yín kọ́ ló ń sin adìẹ ní Ilo-Awela?"

"Òun ni," mo ní. "Ẹ fún mi ní mẹ́rin."

Ó wò mí, ó wo ẹyin mẹ́rin inú ọ̀rá, ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá a rín in, mo rín in títí ikùn fi ń dùn mí, mo sì rọra fọwọ́ bo ojú kó má bàa rí i pé nǹkan mìíràn ti dàpọ̀ mọ́ ọn.